Ìwà Ọmọlúàbí Nídìí Ọpọ́n Ayò

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Eré àti Ìgbafẹ́ bá àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú ìlú wa sọ)

      

Iṣẹ́ tí ẹ rán ìgbìmọ̀ wa ni a wá jẹ́. Ẹ ní kí a wádìí, kí a sì wá sọ èrò wa níwájú yín, bóyá ó tún yẹ kí a máa gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ ní ìpàdé ọdọọdún wa, tàbí kí a fi òfin dè é pátápátá. Àlejò tí ó bá wà láàárín wa lè máa rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀ pé, ṣé nítorí ayò ni àgbààgbà ìlú ṣe péjọ? Ẹni tí ó bá wà níhìn-ín ní èṣí kò ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì àpéjọ èṣí, a tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi níwájú gbọ̀ngàn ìlú, a gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì mú ẹni tí yóò ta fún un. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó ku ẹni méjì: àgbà kan láti àdúgbò kan, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti òkè òkun wá sílé, láti àdúgbò kejì. Eré náà dùn. Àwọn ènìyàn pagbo yí wọn ká, ẹni tí kò rí ọpọ́n ń fi etí gbọ́ ọ. Nígbà tí ayò kù díẹ̀ kí ó parí, òǹwòran kan na ọwọ́ sí ojú ọpọ́n, ó ní, “Ibí yìí ni kí o ti kó o!” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó o níbẹ̀, ó sì jẹ ọmọ ayò mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbà náà ní èyí kò dára, pé ènìyàn méjì ni òun ń bá ta. Dípò kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà pẹ̀tù sí i nínú, ó kọjú sí àwọn òǹwòran, ó ní, “Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó ti ń kọ́ ilé láti ọdún mẹ́wàá tí kò parí, báwo ni yóò ṣe parí ayò?” Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Àgbà náà dìde, ó da ọpọ́n nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọdé ṣa ọmọ ayò tí ó fọ́n ká ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Méjì péré ni a kò rí. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí ó fọ́n ká kò ṣe é ṣà bẹ́ẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin, àdúgbò náà kò rán aṣojú sí ìpàdé wa. Owó tí wọ́n ti ṣèlérí fún òrùlé ilé ìgbẹ̀bí kò wọlé. Òjò dé bá ògiri náà láìní ìbòrí, a sì ní láti wó apá kan kí a tó tún un mọ. Ẹ̀yin ará, àwọn aboyún ìlú wa ni ó san gbèsè ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ nídìí ayò. Nítorí náà ni a kò ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ tí ẹ rán wa.

Àwọn kan nínú yín ti dá a lábàá pé kí a gbé ọpọ́n náà jù sínú iná. A gbọ́ wọn, a sì mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti lọ bá àgbà náà nílé rẹ̀, tí a ti kọ̀wé sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tí a sì ti bi àwọn àgbà aláyò léèrè bí wọ́n ṣe ń ta á láyé ìgbà tiwọn, èrò wa ni pé ọpọ́n kò jẹ̀bi. Àwa ni a jókòó tì í láìmú ìwà rẹ̀ lọ́wọ́.

Nítorí àwọn ọmọ wa tí a bí sí ẹ̀yìn odi, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sọ bí eré náà ti rí. Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá: mẹ́fà níwájú ẹni kìíní, mẹ́fà níwájú ẹni kejì. Ọmọ ayò mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó kàn yóò kó ohun tí ó wà nínú ihò kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa fi í sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé ẹnì kejì, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Olówó kò lè ra ọmọ ayò kún tirẹ̀, oyè kò sì lè bu kún un. Ní ọdún 2002, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Yunifásítì Vrije ní ìlú Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wo irú ayò kan tí wọ́n ń pè ní awari, èyí tí òfin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa mu pátápátá. Wọ́n wo gbogbo ọ̀nà tí ọmọ ayò lè gbà wà lórí ọpọ́n, tí ó lé ní 889 bílíọ̀nù. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni yóò já sí: 24 fún ẹni kìíní, 24 fún ẹni kejì. Èyí ni pé nígbàkigbà tí ènìyàn bá borí nínú irú eré yìí, àṣìṣe ẹnì kejì rẹ̀ ni ó jẹ. Òun náà yóò sì ṣe tirẹ̀ ní ọ̀la. Kí ni a wá fẹ́ fi í gbéraga?

Òfin mìíràn tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Bí ilé ẹnì kejì bá gbẹ, tí kò ní ọmọ ayò kan ṣoṣo mọ́ níwájú rẹ̀, òfin kò gbà pé kí o máa ta nínú ilé tìrẹ nìkan, kí o máa wò ó. Bí ọ̀nà bá wà rárá, o gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà lè rí nǹkan ta. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ ro òfin yìí wò. Ẹni tí o fẹ́ borí gan-an ni òfin ní kí o bọ́. Àwọn bàbá wa tí ó ń ta ayò yìí mọ̀ pé bí ọwọ́ ẹnì kejì bá ṣófo, eré ti parí nìyẹn. Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú kò lè dúró bí àdúgbò kan bá ń jẹ, tí èkejì sì jókòó lásán.

Eré tí ó ní irú òfin báyìí nínú, a kò rí ìdí tí a ó fi fi òfin dè é. Kì í ṣe ìlú wa nìkan ni ó sì ni ín. Wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà, oware ni wọ́n ń pè é. Ní erékùṣù Antigua, ní òkun Karíbíánì, àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ adúláwọ̀ ṣì ń ta á títí di òní pẹ̀lú ihò méjìlá àti ọmọ 48. Wọ́n ń pè é ní warri. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n eré yìí kò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ayò wà pẹ̀lú nínú àwọn eré tí a ń díje lé lórí ní Ìdíje Eré Ìdárayá ti orílẹ̀-èdè wa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1973. Yóò jẹ́ ohun ìtìjú bí ó bá jẹ́ àwa tí a wà nílé, tí ẹnikẹ́ni kò lé, ni a fi ọwọ́ ara wa gbé e sọnù.

Nísinsìnyí, kí ni ìwà ọmọlúàbí nídìí ayò? Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Ẹni tí ó bá bá wọn nídìí ayò yóò ní, “Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.” Wọn yóò dá a lóhùn pé, “Ọ̀ta ń jẹ́, òpè kò gbọdọ̀ fọhùn.” Ìkíni yìí kún fún ọgbọ́n. Àlejò kò kí ẹni tí ó ń borí nìkan. Ó kí ẹni tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú. Ìdáhùn náà sì ń fi hàn pé ẹ̀fẹ̀ wà nínú eré yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, a kò wá sọ fún yín pé kí ẹ máa ta ayò bí ẹni tí ó wà nínú ilé ìjọsìn. Ayò tí kò ní ẹ̀fẹ̀ dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ní ààlà. Bí o bá pe ẹni tí o ń bá ta ní òpè, bí o bá ní odù tí ó ń tọ́jú ti jẹrà, bí o bá ní kí ó lọ pe ẹni tí ó kọ́ ọ ní ayò wá kí ẹ jọ ta á, orí ọpọ́n ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ayò bá sì yí padà, ẹnì kejì rẹ yóò dá gbogbo rẹ̀ padà fún ọ pẹ̀lú èlé, ẹ ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí o bá dárúkọ ilé rẹ̀ tí kò parí, tàbí ìyàwó rẹ̀, tàbí ọmọ tí kò bí, tàbí àìsàn ara rẹ̀, tàbí àpò rẹ̀ tí ó gbẹ, o ti kúrò lórí ọpọ́n, o ti wọ inú ilé onílé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yí padà pẹ̀lú ayò. Ẹni tí ó pè mí ní òpè lónìí, mo lè pè é bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ipò òṣì bú mi, kò sí ọmọ ayò tí mo lè jẹ tí yóò pa á rẹ́. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àgbà náà, a rò pé nítorí pé wọ́n jẹ ẹ́ ni inú ṣe bí i. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní, “Bàbá ọmọ yìí ti jẹ mí lórí ọpọ́n fún ọgbọ̀n ọdún. Ó máa ń pè mí ní òpè láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò fi ilé mi bú mi rí. Nígbà tí ó ń ṣàìsàn tí kò lè jáde mọ́, èmi ni mo ń gbé ọpọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.” A kò rí ọ̀rọ̀ fi dá a lóhùn.

Lẹ́tà ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá dé láti ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ní alẹ́ Sátidé, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun níbi iṣẹ́ a máa ta póka, eré káàdì tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀, tí wọ́n ń fi káàdì 52 ta. Ó kọ òfin ìbọ̀wọ̀ tí ó wà nídìí tábìlì náà fún wa. Kí olúkúlùkù dúró kí ó kàn án kí ó tó sọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tí ó bá ti kó káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ohun tí ó kó sílẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń ta á. Òǹwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ni ọwọ́ kan. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun ti borí kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn kí ó tó fi káàdì rẹ̀ hàn, kí ó lè máa fi ìrètí òfo dá ẹnì kejì lóró. Ẹni tí ó pàdánù kò sì gbọdọ̀ ju káàdì mọ́ ẹni tí ó pín in. Ó wá parí lẹ́tà rẹ̀ báyìí pé: “Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo mọ ìwà í hù láàárín àwọn àlejò, n kò sì mọ̀ ọ́n hù lábẹ́ igi tí bàbá mi ti kọ́ mi ní ayò.”

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, a fi lẹ́tà yìí hàn yín nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ìṣòro yìí kan ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ilé ni ilé, gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó tọ́ sí ẹnu nílé. Ọmọdé lè jẹ àgbà nínú ayò. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kí ọmọdé mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí ó tó fi hàn pé òun ní ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà aláyò sọ fún wa pé ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ a máa jẹ bàbá tán, yóò sì wí pé, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, òpè ni yín lónìí.” Ó pè é ní òpè, ṣùgbọ́n “yín” ni ó fi pè é. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni odi tí ó yí eré ká.

Ẹ̀yin àgbà pẹ̀lú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí wa. Ẹni tí ó da ọpọ́n nù kò pa ọ̀ta lára. Eré ni ó pa. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín nídìí ayò, ẹ dá ọwọ́ eré dúró, ẹ fi ẹjọ́ sùn. Àgbà tí ó bá fi ìbínú dìde kò dìde ní òun nìkan. Gbogbo àdúgbò rẹ̀ ni yóò bá a dìde, bí a ti rí i ní èṣí.

Ó ku ohun kan tí ó ṣòro láti sọ. Nígbà tí a wádìí nípa òǹwòran tí ó na ọwọ́ sí ojú ọpọ́n, a rí i pé ó ti fi owó lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kì í ṣe òun nìkan. Tẹ́tẹ́ ti wà lẹ́yìn agbo náà láti òwúrọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lórí ọpọ́n kò lè pa ẹnu mọ́, kò sì lè fẹ́ràn ẹni tí ó bá pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ wa kò lè wẹ ọwọ́ tirẹ̀ mọ́. A wà níbẹ̀. A rí owó tí ó ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, a ní eré ọdún ni. A gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ, àwa náà sì wà lára àwọn tí ó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ pé a dákẹ́ nígbà náà, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá ti kú síbẹ̀. Ẹ̀rín wa ni ó gbé e dé ọ̀nà ilé àgbà náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wá.

Nítorí náà, a fi àbá márùn-ún síwájú yín. Èkíní, kí ọpọ́n ayò máa wà ní àpéjọ wa lọ́dọọdún. Èkejì, kí ẹni tí kò ta má ṣe na ọwọ́ sí ojú ọpọ́n, kí ó má sì sọ ibi tí ènìyàn yóò ti kó ayò. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kúrò nínú agbo, kí a sì tún ayò náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí tẹ́tẹ́ má ṣe wọ ibẹ̀ rárá, ìbáà ṣe kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀kẹrin, kí a yan àgbà aláyò méjì láti máa jókòó ti ọpọ́n. Bí ẹ̀fẹ̀ bá ti fẹ́ kúrò lórí ayò lọ sí ilé onílé, kí wọ́n ní, “Padà sórí ọpọ́n,” kí ẹni náà sì tọrọ àforíjì kí ó tó tún ta. Ẹ̀karùn-ún, kí ọ̀ta àti òpè jọ kó ọmọ ayò padà sínú ihò ní mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì kí ara wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà nílé láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ó ti mú obì lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà náà, àgbà náà sì ti gbà á. A kò lè sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ti tán láàárín àdúgbò méjèèjì, nítorí ọgbẹ́ kì í jinná ní ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n òrùlé ti wà lórí ilé ìgbẹ̀bí, àdúgbò náà sì ti san tirẹ̀ pé. Bí ẹ bá fọwọ́ sí àbá wa, ẹní ti wà ní títẹ́ lábẹ́ igi níta. A ti ra ọmọ ayò méjì rọ́pò àwọn tí ó sọnù; gbogbo rẹ̀ pé 48.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí eré wa di ìjà, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú.